Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Awò Tòkunbọ̀ Ṣọ́ Sátẹ́láìtì ní Òṣogbo

Bí ẹ bá ń gba ọjà Ìgbọ̀nà kọjá, tí ẹ rí awò olójú méjì kan tó ti gbó láàárín áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná mọ́ àti rédíò tí kò fọhùn mọ́, ẹ má tíì lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ gbé e wò. Ohun tí ẹni tó ń tà á kà sí irin àlòkù lè jẹ́ ohun èlò tó dáa jù tí ẹ lè fi wo sátẹ́láìtì tó ń kọjá lórí ìlú yìí ní àṣálẹ́.

Iṣẹ́ fótò ni mo ń ṣe, láti ayé ìgbà tí a ṣì ń fọ fíìmù nínú yàrá dúdú. Ìdí nìyẹn tí lẹ́ńsì àtijọ́ fi pọ̀ nílé mi ju bó ṣe yẹ lọ, òun náà ló sì sọ mí di ẹni tó ń jókòó sóde lálẹ́ tó ń wojú ọ̀run. Iṣẹ́ náà kò gba owó púpọ̀. Sùúrù ló gbà, àti aago tó péye, àti kí ẹ dá ìràwọ̀ mélòó kan mọ̀.

Ìdí tí awò kékeré fi dáa ju ńlá lọ

Ẹni tó fẹ́ wo òṣùpá a máa wá awò tó ń sọ nǹkan di gbàgẹ̀dẹ̀. Sátẹ́láìtì kò rí bẹ́ẹ̀, eré ló ń sá. Ibùdó òfuurufú tí wọ́n ń pè ní ISS ga tó nǹkan bíi kìlómítà 420, ó sì ń rin kìlómítà 7.66 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bó bá gba àtàrí wa kọjá, bíi dígíríì kan ló máa ń sún ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Awò olójú méjì 7x50 (ìlọ́po 7, lẹ́ńsì iwájú 50 mm) ń fi nǹkan bíi dígíríì 7 hàn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ ó rí ISS nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi méje. Ẹ gbé awò gígùn tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 45 tì í, èyí tí ojú rẹ̀ kò fẹ̀ ju dígíríì kan lọ: kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti kọjá. Bí wọ́n bá tún wá kọ ìlọ́po 450 sára páálí rẹ̀, ẹ̀tàn ni, ẹ má dá wọn lóhùn.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ní 1956, kí ẹnikẹ́ni tó ju sátẹ́láìtì kankan sókè, Fred Whipple tó ń darí Smithsonian Astrophysical Observatory ní Amẹ́ríkà ti ń kó àwọn ará ìlú lásán jọ: akẹ́kọ̀ọ́, tíṣà, ìyàwó ilé, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Moonwatch ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà fi Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́, ránṣẹ́ ní 4 oṣù kẹwàá 1957, àwọn kámẹ́rà ńláńlá tí wọ́n ń pè ní Baker-Nunn, tí wọ́n fẹ́ fi ṣọ́ ọ, kò tíì délẹ̀ tán. Àwọn ará ìlú yìí ló ti jókòó dè é. Awò ọwọ́ wọn kò ju ìlọ́po 5.5 lọ, lẹ́ńsì iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi 50 mm, ó sì ń fi bíi dígíríì 12 ojú ọ̀run hàn. Wọ́n to ìjókòó láti àríwá sí gúúsù, kálukú ń ṣọ́ abala tirẹ̀, abala tiwọn sì ń gun ara wọn díẹ̀ kí ohunkóhun má baà yọ́ gba àárín kọjá. Nígbà tó yá ni wọ́n ṣe awò ńlá 20x120 tí wọ́n ń pè ní Apogee fún àwọn sátẹ́láìtì tó jìnnà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ Moonwatch títí di 1975.

Bí a bá fẹ́ ṣe bíi tiwọn, awò bíi tiwọn náà ni ká wá.

Rírà

Mẹ́ta ni mo fọwọ́ sí. Àkọ́kọ́ ni awò olójú méjì 7x50 tàbí 10x50. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìlọ́po, ìkejì ni fífẹ̀ lẹ́ńsì iwájú ní mìlímítà. Àwọn ti Rọ́ṣíà, ti Jámánì àti ti Japan ló máa ń wọ́pọ̀ nínú ẹrù tòkunbọ̀. Wọ́n wúwo bí òkúta, àmọ́ dígí inú wọn dáa.

Ìkejì ni èyí tí mo fẹ́ràn jù, torí pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tò ó pọ̀. Ẹ wá lẹ́ńsì kámẹ́rà àtijọ́ 135 mm tí wọ́n kọ 2.8 sí lára. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fótò tó ti kógbá sílé ló ṣì ní in nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ wá ojú-ìwò awò awọ̀nàjíjìn tó jẹ́ 25 mm, kí ẹ fi páìpù oníke so ó mọ́ ẹ̀yìn lẹ́ńsì náà. Ẹ pín 135 sí 25: ìlọ́po 5.4. Ẹ pín 135 sí 2.8: lẹ́ńsì tó fẹ̀ tó 48 mm. Ẹ ti ní awò Moonwatch lọ́wọ́ nìyẹn, ó kù díẹ̀ kó má yàtọ̀ rárá. Lẹ́ńsì àtijọ́ onísíkúrù ń gbé àwòrán rẹ̀ sí bíi sẹ̀ǹtímítà 4.5 sẹ́yìn ibi tó ti ń wọnú kámẹ́rà, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ojú-ìwò wà. Ẹ kọ́kọ́ gé páìpù náà gùn díẹ̀, kí ẹ wá máa fá a títí ìràwọ̀ yóò fi rí ṣóńṣó. Bí ẹ bá gé e kúrú jù, ẹ ti ba páìpù kan jẹ́ nìyẹn. Mẹ́ta ni mo bà jẹ́.

Ìkẹta ni awò oníjígí tó fẹ̀ tó 114 mm, èyí tí ó ní jígí níkùn dípò lẹ́ńsì. Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Mo máa sọ ohun tó wà fún níwájú.

Awò onídẹ tó ń dán, tó ń ká wọnú ara rẹ̀ bí ti àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi? Ẹ̀ṣọ́ yàrá ni. Mo ti ra ọ̀kan rí. Ọkùnrin tó tà á fún mi ní ti sójà òyìnbó ni, pé bàbá òun ló fi sílẹ̀. Nígbà tí mo délé tí mo tú u, dígí inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti fèrèsé.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tan iná fóònù sí ẹnu awò náà, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí ohun tó tàn ká bí òwú aláǹtakùn, ẹbu ni. Ó ṣe é fọ̀ bí kò bá tíì jẹ wọnú dígí. Bí ẹ bá rí àwọ̀ òṣùmàrè létí lẹ́ńsì bí ìgbà tí epo bá dà sómi, gọ́ọ̀mù tó mú dígí méjì pọ̀ ti ń yọ nìyẹn. Ìyẹn kò ní àtúnṣe lọ́dọ̀ wa, àmọ́ bí kò bá tíì dé àárín, ó ṣì wúlò. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀pá máàsì tó jìnnà pẹ̀lú ojú méjèèjì. Bí ọ̀pá náà bá di méjì, awò ti já lulẹ̀ rí, dígí inú rẹ̀ sì ti sún. Ẹ má jẹ́ kí ojú yín fi ìdùnnú hàn. Ẹ fi ìyẹn já owó rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa, torí pé ojú kan ṣoṣo la nílò.

Fífọ̀

Níbi yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe tó dùn mí jù. Awò olójú méjì kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó mọ́ kedere, eruku díẹ̀ ló bo lẹ́ńsì rẹ̀. Mo bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì mi, mo há èémí sí i, mo nù ún. Yanrìn tó wà nínú eruku ọyẹ́ náà ló fi ojú lẹ́ńsì ṣe pátákó. Títí di òní, bí ìràwọ̀ títàn bá wọnú awò yẹn, irùngbọ̀n ló máa ń hù.

Nítorí náà, fífẹ́ ló ṣáájú nínù. Ẹ ra rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ etí ọmọ lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì, kí ẹ fi fẹ́ eruku dànù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá ìyókù. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó tọ́ ẹnu òwú sínú sípírítì, kí ẹ nù láti àárín lọ sí etí, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ẹ ju òwú náà nù, kí ẹ mú òmíràn. Ẹbu fẹ́ hydrogen peroxide, òun náà wà lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí Izal, kò sí ọṣẹ ìfọyín, kò sí bẹntiróòlù. Bí ẹ kò bá tíì tú awò olójú méjì rí, ẹ má fọwọ́ kan àwọn dígí onígun mẹ́ta tó wà níkùn rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá yọ ọ́ lẹ ó mọ̀ pé kò fẹ́ padà sí àyè rẹ̀.

Ẹ má sì fi awò kankan wo oòrùn láéláé, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ má gbé e kalẹ̀ sí ojú fèrèsé lọ́sàn-án pẹ̀lú. Lẹ́ńsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ jọ lè kó ti oòrùn jọ sára kọ́tìnnì.

Ìjókòó awò

Ọ̀pọ̀ ohun tí a ó wò yóò gba òkè pátápátá kọjá, ọrùn ènìyàn kò sì lè gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọgbọ́n Moonwatch ni ká máa wolẹ̀ láti rí òkè. Jígí ni wọ́n lò.

Ẹ ní kí káfíńtà gé pákó kan tó gùn tó 60 cm, tó fẹ̀ tó 30 cm. Ẹ de awò mọ́ igi kan lórí rẹ̀, kí ẹnu awò dorí kọ ìsàlẹ̀ ní dígíríì 45. Síwájú ẹnu awò náà, ẹ tẹ́ jígí sílẹ̀, kí ẹ fi híńjì ilẹ̀kùn kékeré de etí rẹ̀ tó sún mọ́ yín mọ́ pákó, kí etí kejì lè máa gbéra. Bí jígí bá sùn gbalaja, ibi tó ga ní dígíríì 45 lójú ọ̀run lẹ ń wò. Bí ẹ bá gbé etí ọ̀hún sókè ní dígíríì 10, ẹ ti ń wo 65. Gbogbo dígíríì kan tí jígí bá fi gbéra, ojú ọ̀run á fi méjì sún. Ní dígíríì 22 àti ààbọ̀, àtàrí gan-an lẹ ń wò, ẹ̀yin náà sì jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì. Ẹ fi páálí gé ìdajì àyíká, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ híńjì.

Jígí wo? Jígí ara ògiri ní ìbora rẹ̀ lẹ́yìn, nítorí náà ìràwọ̀ títàn á ní òjìji kan tó ń tẹ̀ lé e. Èyí tó dáa ni èyí tí ìbora rẹ̀ wà lójú, irú rẹ̀ sì wà nínú ẹ̀rọ fótókọ́pì tó ti kú. Ẹ bẹ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ náà ṣe, wọ́n ń kó o dànù. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ fi ẹnu bírò kàn án. Bí ẹnu bírò àti òjìji rẹ̀ bá fi ẹnu ko ẹnu, òun nìyẹn. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, jígí lásán ni. Ẹ má wulẹ̀ fi ìka kàn án, ìbora yẹn kò ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Fún ojú kan, jígí tó jẹ́ 7 cm sí 10 cm tó. Bí ti fótókọ́pì bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ẹ fi jígí lásán bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan á kọ́kọ́ dà yín láàmú: jígí ń yí ọwọ́ ọ̀tún padà sí òsì. Àwòrán ìràwọ̀ inú fóònù kò ní bá ohun tí ẹ ń rí mu. Stellarium, áàpù àwòrán ìràwọ̀, ní ibi tí wọ́n ti ń yí àwòrán bẹ́ẹ̀, ẹ yí i kí ẹ tó jáde.

Ìlà àríwá sí gúúsù

Ìlà yìí ni kí pákó náà dojú kọ. Kọ́ńpáàsì fóònù máa ń purọ́ bí irin bá wà nítòsí, irin sì kún gbogbo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òjìji ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ ri igi tó tọ́ mọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ní bíi aago mọ́kànlá àárọ̀, ẹ sàmì sí orí òjìji rẹ̀, kí ẹ fi okùn yí àyíká kan tó gba ibi àmì náà, tí ìdí igi jẹ́ àárín rẹ̀. Òjìji á máa kúrú, á tún máa gùn padà. Nígbà tí orí rẹ̀ bá tún kan àyíká yẹn lọ́sàn-án, ẹ sàmì kejì. Ẹ fa ìlà láti àmì kan sí èkejì, ẹ wá àárín rẹ̀, kí ẹ fà á dé ìdí igi. Àríwá àti gúúsù nìyẹn, kò sí irin tó lè bà á jẹ́.

Ẹ má ṣe retí pé òjìji á kúrú jù ní aago méjìlá. Dígíríì 15 ìlà-oòrùn ni wọ́n gbé aago Nàìjíríà lé, Òṣogbo sì wà ní 4.56. Ọ̀sán gangan tiwa máa ń bọ́ sí nǹkan bíi 12:25 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ó sì lè tó 12:56 ní àárín oṣù kejì. Ní nǹkan bíi 10 oṣù kẹrin, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn a máa dúró sí àtàrí wa gan-an, èèyàn á sì máa tẹ òjìji ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ọjọ́ wọ̀nyẹn bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ sàmì yín ní kùtù díẹ̀.

Ìgbà tí a ń wò ó

Sátẹ́láìtì kò tan iná kankan tí a lè rí. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń tàn sí i lára, nígbà tí òkùnkùn ti bo àwa tó wà nílẹ̀. Ìyẹn ni pé alẹ́ gbọ́dọ̀ ti lẹ́ díẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ lẹ́ jù. Lọ́dọ̀ àwọn ará Scotland, ní oṣù kẹfà, òjìji ayé kì í ga, wọ́n lè ṣọ́ ISS mọ́jú. Níhìn-ín, gbùà ni oòrùn ń wọ̀. Bó bá fi tó wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó wọ̀, òjìji ayé ti ga dé ibi tí ISS ń gbà lórí wa, kò sì sí ohun tí a ó rí mọ́ lókè àfi àwọn tó ga jù ú lọ. Nítorí náà, ní oṣù kọkànlá, tí oòrùn ń wọ̀ ní bíi aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, ẹ ti gbọ́dọ̀ wà lórí ìjókòó ní aago méje kó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìdájí náà dáa: bíi wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú kí oòrùn tó yọ títí di ìgbà tí ojú ọ̀run bá funfun.

Láti ìparí oṣù kẹwàá sí ìparí oṣù kọkànlá ni àkókò tèmi. Òjò ti fọ eruku, ọyẹ́ kò tíì dé. Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, ìràwọ̀ ìsàlẹ̀ á pòórá, ti àtàrí nìkan ló ń kù. Nínú oṣù kẹrin, alẹ́ ọjọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀ tó sì dá lọ́sàn-án máa ń mọ́ bí omi kànga. Ní ti iná, bí wọ́n bá mú un lọ, ẹ dúpẹ́, tí ará ilé kejì kò bá ti tan jẹnẹrétọ̀ àti gílóòbù rẹ̀.

Áàpù Heavens-Above á sọ àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa kọjá fún yín, bó ṣe ga tó, àti ibi tó máa gbà. Ẹ fi ibi tí ẹ wà gan-an sí i. Fóònù mi ti fi Èkó ṣe ibùgbé mi fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí n tó mọ̀. Bí ẹyẹ bá fò, Èkó jìn sí wa tó nǹkan bíi kìlómítà 190. ISS tó gba àtàrí Òṣogbo, ní Èkó bíi dígíríì 65 ni wọ́n ń rí i. Mo ń wo ibì kan, ó ń gba ibòmíràn lọ, mo sì ń bú awò.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wá

ISS ni kí ẹ fi kọ́ ọwọ́, ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ lọ bó bá gba òkè. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá Tiangong, ibùdó òfuurufú ti àwọn ará Ṣáínà. Ẹ̀bùn tiwa gan-an ni Hubble, awò awọ̀nàjíjìn ńlá tó ń yí ayé po. Ọ̀nà tó ń gbà kò kọjá dígíríì 28.5 sí àríwá tàbí gúúsù ìlà tó pín ayé sí méjì, ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù kò lè rí i láti ilé wọn. Lórí Òṣogbo, ó ń gòkè lọ́wọ́ ìwọ̀-oòrùn, ó ń sọ̀ sí ìlà-oòrùn, ó mọ́ tó láti rí pẹ̀lú ojú lásán, nínú 7x50 ó sì rí bí iná àbẹ́là tó ń rìn.

Ọkọ̀ òfuurufú a máa ṣẹ́jú, pupa àti funfun. Sátẹ́láìtì tó wà láàyè kì í ṣẹ́jú. Èyí tó bá ń tàn, tó ń kú, tó tún ń tàn bí ẹni ń yí abẹ́bẹ̀, àgbá rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń takìtì ni, àwọn yẹn gan-an ló dùn ún wò. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù ní ìwọ̀-oòrùn tó sì dúró sójú kan kì í ṣe sátẹ́láìtì: àwọn àgbà ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Lọ́dún kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ta kú pé òun ti rí Starlink, sátẹ́láìtì íńtánẹ́ẹ̀tì, tó dúró. Àgùàlà ló ń bá jà.

Gbígba àkókò

Rírí dùn, àmọ́ kíkọ sílẹ̀ ló sọ ọ́ di iṣẹ́. Nǹkan méjì la ń wá: ibo ló wà, àti ìgbà wo. Nítorí pé ó ń rin kìlómítà 7.66 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí aago yín bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣìnà, ẹ ti gbé e sí kìlómítà méje àti ààbọ̀ kúrò níbi tó wà. Aago ara fóònù lè fi ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì pẹ́. Ẹ lo áàpù tó ń gba àkókò lọ́dọ̀ GPS.

Ẹ ṣí ohun tí ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù. Ẹ wo aago GPS, kí ẹ sọ ọ́ sókè: "Aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ó di... báyìí!" Kí ẹ fi ìka kan pákó bí ẹ ṣe ń sọ "báyìí". Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ má pa á. Ẹ fi jígí sí ibi tí áàpù sọ pé á ti gba ìlà àríwá sí gúúsù kọjá, kí ẹ wá ìràwọ̀ méjì tó sún mọ́ra níbẹ̀, kí ẹ dúró dè é. Bó bá ti gba àárín wọn, ẹ tún fi ìka kan pákó, gbọ̀! Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹnu máa ń pẹ́ ju ìka lọ.

Kí ẹ tó gbàgbé, ẹ sọ ibi tó gbà: "Láti orí èyí tó tóbi, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá sí èyí tó kéré." Bí ẹ bá délé, ẹ gbọ́ ohùn náà, kí ẹ ka àlàfo láàárín ìka àkọ́kọ́ àti ìkejì lórí àwòrán ohùn. Ẹni tó ti mọwọ́ rẹ̀ lè mọ àkókò dé ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ wá àwọn ìràwọ̀ méjèèjì nínú Stellarium, ibẹ̀ lẹ ó ti rí ibi tó wà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwé: ọjọ́, àkókò, ìràwọ̀ méjèèjì, ìdá, irú awò, bí ojú ọ̀run ṣe rí. Ẹ fi ibi tí ẹ jókòó sí kún un, nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn àmì kọ̀ọ̀kan, bí GPS ṣe fún yín.

Oṣù kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ìwé yín ka iwájú ohun tí áàpù sọ tẹ́lẹ̀. Bí tiyín bá ń pẹ́ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà, ìka yín ló ń lọ́ra, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí ó bá jẹ́ ti sátẹ́láìtì kan ṣoṣo ló ṣìnà, tí ti yòókù péye, ó ti yí ọ̀nà padà nìyẹn, ẹ̀yin lẹ sì rí i.

Àwọn tó dúró sójú kan

Awò 114 mm wá dé àyè rẹ̀ báyìí. Àwọn sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n ga tó nǹkan bíi kìlómítà 35,786 lókè ìlà tó pín ayé sí méjì, wọ́n ń bá ayé yí, nítorí náà lójú wa wọn kì í kúrò. Láti Òṣogbo, òrùka wọn gba bíi dígíríì 81 lókè ní gúúsù. Lójú ọ̀run, ó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ibi tí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀léra ní àárín Orion ń gbà. Ní alẹ́ oṣù kejìlá, ẹ dojú awò kọ àwọn mẹ́ta yẹn, kí ẹ wá de awò náà pinpin. Ìràwọ̀ á máa sún lọ sí ìwọ̀-oòrùn, dígíríì 15 ní wákàtí kan. Bí àmì kékeré kan bá wà tí kò bá wọn lọ, tí ìràwọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí èrò ẹ̀bá ọ̀nà, òun ni. Wọn kò mọ́lẹ̀ rárá, ó máa ń gba alẹ́ bíi mélòó kan. NigComSat-1R tiwa, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní oṣù kejìlá 2011, wà ní dígíríì 42.5 ìlà-oòrùn: láti ibí, ẹ wo ìlà-oòrùn, kó ga tó dígíríì 45.

Ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì kì í kúkú ṣe ti òkèèrè nìkan. Ìlú Kano ní ibùdó tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń bá àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú wọn sọ̀rọ̀ ní ayé Mercury, iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ́kọ́ gbé èèyàn wọn lọ sí òfuurufú. Ní 23 oṣù kẹjọ 1963, Kennedy, Ààrẹ Amẹ́ríkà, jókòó sí Washington, ó bá Abubakar Tafawa Balewa sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ ojú omi kan tó dúró sí èbúté Èkó. Syncom 2 ló gbé ohùn wọn, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tó ń bá ayé yí ní wákàtí 24.

Àwọn aládùúgbò

Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọn kò tíì kàn lórùlé ló dáa jù, ìyẹn sì kún Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà níbẹ̀ lókùnkùn pẹ̀lú nǹkan gígùn lọ́wọ́, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa rò. Ní Òkè-Báálẹ̀, ọdẹ àdúgbò gun orí àkàbà wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan, tọ́ọ̀ṣì lójú mi, ó ní, "Bàbá, ilé ta lẹ ń wò?" Mo fi jígí hàn án, mo ní kó tẹ orí ba. Ó pẹ́ kó tó gbé e sókè. Láti ìgbà náà ló ti ń bi mí bóyá ọkọ̀ náà á kọjá lónìí. Ẹ sọ fún onílé àti ọdẹ ṣáájú, kí ẹ má sì dojú awò kọ fèrèsé ẹnikẹ́ni, àní láti fi dán an wò.

Kí ẹ tó wọlé

Ìrì á ti sẹ̀ sí ara lẹ́ńsì. Ẹ má bò ó lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì nù ún. Ẹ gbé e sínú ilé tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ní dídorí kodò, kó gbẹ fúnra rẹ̀ di àárọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn. Inú àpò aláwọ tí awò bá wá gan-an ni ẹbu ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ fi àpò náà kọ́ ara ògiri.